Irin Tó Wà Lẹ́yìn Dírọ́ọ̀mù

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Òjò winniwinni kan ń rọ̀ tí kò tó ohun tí èèyàn ń sá fún, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lára. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà ti di ẹrẹ̀ dúdú. Jíìpù gíga kan yà wọlé láti ojú títì, ó ń fò lórí òkúta ẹnu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀, ẹnìkan sì ń kérora nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí a tó sọ ohun tí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣe, ẹ jẹ́ kí a sọ irú ẹni tó jẹ́. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa. Kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tán. Òun ló ń fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, tó ń yọ táyà, tó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, tó sì ń gbálẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Bí wọ́n bá yìn ín, á mi orí. Bí wọ́n bá bú u, á mi orí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kò lè pa eṣinṣin.

"Ẹ rọra o! Ẹ rọra!" Màmá kan ló ń pariwo nínú jíìpù náà. "Mọ́tò ga tó yìí! Ṣé ọ̀run la fẹ́ fi lọ ni?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wakọ̀. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ń ṣe, Awọnlẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń pè é. Inú igbó ló ń gbà, orí àpáta ló ń gùn. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n gbé jíìpù rẹ̀ ga, kí wọ́n sì fi táyà tó tóbi gan-an sí i. Nínú igbó, kò sí mọ́tò tó dà bí i rẹ̀. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn Màmá ti yẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tó jìnnà. Mọ́tò mìíràn kò sí nílé wọn. Apá kan ọ̀nà náà jẹ́ kòtò àti òkúta, apá kejì jẹ́ ọ̀dà tó tẹ́jú. Kòtò yòówù tí táyà bá bọ́ sí, ẹ̀yìn Màmá ló ń gbà á.

"Ọ̀gá," ni Awọnlẹ̀ wí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, "Màmá ní àwọn ò lọ sílé ìwòsàn mọ́ o. Wọ́n ní ó sàn kí ẹ̀yìn pa àwọn sílé ju kí mọ́tò lu àwọn pa lójú ọ̀nà."

"Mi ò purọ́," ni Màmá dáhùn láti òkè. "Aránṣọ ni mí. Mo mọ ohun tó rọ̀ àti ohun tó le. Èyí kì í ṣe mọ́tò, odó ni. Èmi sì ni iṣu inú rẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó yí jíìpù náà ká, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ táyà yìí ti pọ̀ jù, ó le bí òkúta. Ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ náà, ti mọ́tò kúkúrú ni. Ẹ gbé mọ́tò ga, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kúkúrú sílẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń ru sìmẹ́ńtì. A ó dín afẹ́fẹ́ kù, a ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lónìí. Sípíríǹgì tó rọ̀, a máa ní kí wọ́n bá wa wá a. Ìyẹn á pẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Ara mọ́tò kì í rọ̀ lọ́jọ́ kan."

Jẹ́jẹ́ ti gbé àpótí onígi kan wá sábẹ́ ilẹ̀kùn kí Màmá lè rí nǹkan tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Màmá di èjìká rẹ̀ mú. Tìmùtìmù kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"O ṣé o, ọmọ mi. Ṣé ìwọ náà jẹ́ ọ̀gá níbí?"

"Ọ̀gá jáàkì ni, Màmá!" Aláriwo ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti abẹ́ mọ́tò kejì.

Aláriwo yìí, àbúrò ìyàwó Jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ ló mú un wá síbẹ̀ nígbà tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí a mú wá wá mọ iṣẹ́ ju ẹni tó mú un wá lọ. Ìyàwó Aláriwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹnu Aláriwo kò sì dákẹ́ láti ìgbà náà. Á kọrin, á fi ọmọ yangàn, á tún fi Jẹ́jẹ́, tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Màmá, ẹ má bi ìyẹn ní ohun tó bá gba ọpọlọ o. Agbára ló fi ń jẹun."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ mi orí bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára bí ẹ̀gún tí ìdí rẹ̀ kán sínú.

Aláriwo ló de ṣọ́ọ̀kì tuntun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Awọnlẹ̀ gbé Màmá yí àdúgbò po, wọ́n sì padà wá.

"Ó dín kù," ni Màmá wí, ó ń fa ojú ro. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń gún mi."

"Sípíríǹgì ló kù," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ kó dé."

Ọ̀gá àtàwọn tó kù kọjá sí òdìkejì títì lọ jẹun. Awọnlẹ̀ lọ ra oògùn ìyá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ nìkan ló kù, torí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ irinṣẹ́. Màmá jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀ lábẹ́ páànù, ó ń wo òjò.

"Ọmọ mi, ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀," ló wí. "Ọ̀la ni mò ń lọ. Ṣé kò sí nǹkan kan rárá tí o lè bá mi ṣe sí i?"

Ibẹ̀ ni Èṣù ti rí àga jókòó.

Abẹ́ iwájú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, irin gbọọrọ kan wà tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Irin amúdúró ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ni kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń yí kọ́nà. Ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí kòtò kí èkejì má gbọ́. Jẹ́jẹ́ ti rí àwọn tó ń wọ igbó tí wọ́n ń tú u. Bí wọ́n bá ti tú u, ẹsẹ̀ mọ́tò á máa jó lórí òkúta, ara rẹ̀ á sì jókòó jẹ́ẹ́.

Jẹ́jẹ́ rántí ìyẹn. Ó tún rántí ohun tí Ọ̀gá máa ń sọ fún wọn: "Bó bá jáde nínú igbó, kí táyà rẹ̀ tó kan ọ̀dà, irin yẹn gbọ́dọ̀ ti padà sáyè rẹ̀. Mọ́tò gíga láìsí irin amúdúró, òkú tó ń rìn ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí. Ó rántí méjèèjì. Kò sí ẹni tó tàn án.

Ó wo òdìkejì títì. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín Aláriwo láti ibẹ̀. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ jíìpù náà. Ọwọ́ tó ti ń tú nọ́ọ̀tì láti ọdún pípẹ́ wá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà á. Ó fa irin náà jáde, ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ń da ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ kàn.

"O ti ṣe é?" ni Màmá bi í.

"Ẹ máa rí i lọ́la, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ọ̀gá."

"Ta ni màá sọ fún? Ẹnu aránṣọ, abẹ́rẹ́ ló ń wà níbẹ̀. Bí mo bá là á báyìí, màá gbé e mì."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, tẹlifóònù Ọ̀gá dún. Awọnlẹ̀ ni. Ó ń pariwo débi pé gbogbo wọn gbọ́.

"Ọ̀gá, Màmá sùn lójú ọ̀nà! Wọ́n sùn! A kọjá nínú gbogbo kòtò yẹn, wọ́n ń hanrun!"

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀, ó gbá Aláriwo lẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ dára! Ṣọ́ọ̀kì tí o dè yẹn, Ọlọ́run ló fi ọwọ́ sí i."

Aláriwo jó yí jáàkì po. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ sọ nǹkan kan, ẹ yìn mí! Wọn kì í gba owó orí lórí ọ̀rọ̀ o!"

Jẹ́jẹ́ mi orí. Inú rẹ̀ korò bí ewúro. Òun ló dẹ́ṣẹ̀, àna rẹ̀ ló gba ìyìn.

Ó tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní bí jíìpù náà bá ti padà wá fún sípíríǹgì, òun á fi ọgbọ́n dá irin náà padà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá wí láàárín ọ̀rọ̀ pé, "Awọnlẹ̀ ní ká fi sípíríǹgì sílẹ̀ o. Ó ní kí ni àwọn tún fẹ́ fi ṣe nígbà tí ìyá àwọn ń sùn."

Ohun tó fi ṣe Màmá lóore ló ti ilẹ̀kùn àtúnṣe pa.

Ọlọ́run tún fún un láyè kan. Ó ń ra ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí Awọnlẹ̀ dúró tì í, tó yí gíláàsì sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Mọ́tò yìí ń fì bí mo bá yí kọ́nà lórí ọ̀dà. Ṣé kò léwu?"

Ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó wo ojú rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá la ẹnu, Ọ̀gá á mọ̀, Aláriwo á mọ̀, gbogbo wọn á sọ pé, "Ṣé a ò sọ? Agbára ló fi ń jẹun."

"Kò sí nǹkan," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ ṣáà máa rọra ní kọ́nà."

Ó rò pé "ẹ máa rọra" yẹn ti tó láti gba òun lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, ọ̀sán gangan ni wọ́n fa jíìpù náà wọlé, oòrùn ń ta bí ata. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ láti iwájú dé ẹ̀yìn, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Tìmùtìmù Màmá ṣì wà lórí àga, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí i.

Ẹni tó fà á wá ló ròyìn. Awọnlẹ̀ ń bọ̀ lórí ọ̀dà, kò tilẹ̀ sáré. Ẹnìkan tó gun kẹ̀kẹ́ já sójú ọ̀nà ní kọ́nà, Awọnlẹ̀ sì yà fún un. Jíìpù náà fì, kò sì padà mọ́. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àgbà tí òòyì kọ́. Kò sí ohun tó ṣe oníkẹ̀kẹ́. Awọnlẹ̀ fi iwájú orí gbá gíláàsì. Apá Màmá dá sí méjì.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló tú irin amúdúró mọ́tò yìí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

"Mo ní ta ló tú u? Kò já, wọ́n tú u ni! Aláriwo, ìwọ lo ṣiṣẹ́ ní iwájú rẹ̀."

"Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì ni mo dè! N kò fi ọwọ́ kan irin!"

"O tú u kí ọwọ́ rẹ lè wọlé, o sì gbàgbé ẹ̀. Ẹnu, ẹnu, ẹnu! Orin lo ń kọ nígbà tí ó yẹ kó o lo ojú!"

"Mo fi ọmọ mi búra, Ọ̀gá!" Aláriwo yíjú. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, a ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi jáàkì gbé e. Irin náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo jáde. Ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo wọn wo Jẹ́jẹ́. Dírọ́ọ̀mù náà wà lẹ́yìn rẹ̀, bó bá na ọwọ́, á kàn án.

"Èmi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ wá rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ yẹn. Ìyìn ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sílé àna rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bi náà ń bọ̀, ó fi ọ̀nà kan náà hàn án.

Aláriwo bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi lé orí jáàkì. Kò kọrin jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó Jẹ́jẹ́ gbé omi ìwẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá wọn, ṣé lóòótọ́ ni àbúrò mi gbàgbé irin?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó ní ẹ ò gbè é lẹ́yìn. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọkọ mi kì í purọ́, bí wọ́n bá rí i, wọ́n á sọ ọ́." Ó nu ojú. "Ẹ má bínú sí i. Inú ló ń bí i."

Jẹ́jẹ́ wẹ̀, ó wẹ̀, omi náà kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ yìí náà ló lọ bẹ Ọ̀gá. Ọ̀gá ní bí Màmá bá lè dárí jì í, òun á rò ó wò. Ó ní kí gbogbo wọn pàdé nílé ìwòsàn, kí Jẹ́jẹ́ sì wá. "Ìwọ lo mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ìwọ ni o máa bá a bẹ̀bẹ̀."

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n rán pé kó wá ṣìpẹ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Yàrá náà kéré, òórùn oògùn sì kún un. Màmá fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn, apá rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun tó dá. Awọnlẹ̀ jókòó tì í, báńdéèjì wà lórí rẹ̀. Aláriwo kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyàwó Jẹ́jẹ́, kúnlẹ̀ tì í.

"Sọ̀rọ̀," ni Ọ̀gá wí fún Jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá wa dárí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Màmá wo ẹni tó kúnlẹ̀. "Ta lèyí? Kí ló fi mí ṣe?"

"Òun ló tú irin tó mú kí mọ́tò ṣubú, Màmá," ni Ọ̀gá dáhùn. "Ó tú u, ó sì gbàgbé rẹ̀."

"Irin?" Màmá ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ó na ọwọ́ tó dára sí Jẹ́jẹ́. "Rárá o! Ọmọ mi tó ṣe mí lóore rèé! Sún mọ́ mi, ọmọ mi. Ọ̀gá, ẹ má bínú, ó ní kí n má sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa fi ìyà jẹ ẹlòmíì. Ọjọ́ tí ẹ lọ jẹun, òun ló wọ abẹ́ mọ́tò nínú òjò nítorí ẹ̀yìn mi. Ó fa irin gbọọrọ kan jáde báyìí. Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti rọ̀. Ẹ ní kò ní ọpọlọ! Irin tó ń gún mi lẹ́yìn, òun nìkan ló mọ ibi tó wà."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò mọ ohun tó ń sọ. Ìyìn tí Jẹ́jẹ́ ti ń wá láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun ni Màmá gbé fún un níṣojú gbogbo wọn.

Awọnlẹ̀ gbé orí sókè.

"Mo bi yín," ni Awọnlẹ̀ wí fún Jẹ́jẹ́ ní ohùn kékeré. "Ní ẹ̀gbẹ́ títì, mo bi yín bóyá kò léwu."

Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀. Màmá ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń wo ojú Ọ̀gá, ẹ̀rín náà sì ń kúrò ní ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Aláriwo dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀. Gbogbo wọn retí pé á pariwo, kò sì pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dárí jì mí."

Ó jáde. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ dìde, ó tẹ̀lé àbúrò rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

"Irin náà dà?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ẹ̀yìn dírọ́ọ̀mù."

"Mo ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́." Ọ̀gá mi orí. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Jẹ́jẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá, ó tọrọ lọ́wọ́ Awọnlẹ̀. Kò dúró de ìdáhùn wọn. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fa irin náà jáde láti ẹ̀yìn dírọ́ọ̀mù, epo dúdú ti bò ó. Kò nù ún. Ó gbé e lé èjìká bó ṣe wà, ó mú aṣọ iṣẹ́ Aláriwo tó ṣì wà ní kíká lórí jáàkì, ó sì bọ́ sí ojú títì.

"Jẹ́jẹ́, irin kí nìyẹn?" ni ọlọ́ṣẹ ẹ̀gbẹ́ títì bi í.

"Irin tí mo tú ni," ló dáhùn sókè. "Èmi ni mo tú u, kì í ṣe àna mi."

Vọ́káníṣà tó ń lẹ táyà bi í, ó sọ fún un. Àwọn tó jókòó síwájú ilé bi í, ó sọ fún wọn. Nígbà tí kò sí ẹni tó bi í mọ́, ó ti dé ilé Aláriwo. Ó gbọ́ ohùn ìyàwó òun alára nínú ilé, ó gbọ́ igbe ọmọ.

Ó sọ irin náà kalẹ̀ síwájú ilé, ó di aṣọ iṣẹ́ náà mú, ó kan ilẹ̀kùn láti bẹ àna rẹ̀.